Ètò Tí Kì í Béèrè

Bàbá Rúlà tún tẹ "Rárá." Àpótí kékeré tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, òmíràn sì jókòó sí ipò rẹ̀. Èyí fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ̀kẹta yọ láti igun ìsàlẹ̀, ó ní bí ó bá gbádùn iṣẹ́ òun, kí ó fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

"Mi ò gbádùn ẹ̀," ó sọ fún un.

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́. Ìràwọ̀ márààrún dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Ohun tí ó fẹ́ ṣe ò ju pé kí ó kọ àkọlé sókè ojú ewé kan, Àtẹ̀gùn Ẹ̀gbọ́n Mi, kí ó sì to ìwọ̀n pákó tí iṣẹ́ náà máa gbà sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti jẹun àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí ó fi nọ́ńbà síwájú ìlà àkọ́kọ́, ètò ìkọ̀wé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nọ́ńbà síwájú ìlà kejì fúnra rẹ̀, ó sì ti gbogbo ọ̀rọ̀ sí apá ọ̀tún bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Bàbá Rúlà fà á padà. Ètò tún tì í. Àwọn méjèèjì ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tíì fi tutù nínú ife.

Ó fi ètò ìkọ̀wé sílẹ̀, ó kó ìwọ̀n rẹ̀ lọ sí ètò ìṣirò, èyí tí ojú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ó kọ ààbọ̀ ínṣì sínú ihò kan, ìyẹn 1/2, ó tẹ bọ́tìnnì. Ààbọ̀ di ọjọ́ kìíní oṣù kejì.

Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó tún di ọjọ́ kìíní oṣù kejì.

Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin gun òkè wá láti ṣọ́ọ̀bù, ìyẹ̀fun igi lára aṣọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

"Pákó kì í ní ọjọ́ ìbí," Bàbá Rúlà sọ.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà. "Áà. Ẹ fi àmì kékeré kan síwájú ẹ̀, á mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ lẹ ń sọ."

"Ta ló pe ọjọ́? Ṣé èmi ni mo pe ọjọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá."

"Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni kó fi àmì sí i."

Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kò bá a jiyàn. Ó fi àmì náà sí i, ààbọ̀ padà di ààbọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ igi ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, níbi tí ayùn ti ń ké láti òwúrọ̀. Yàrá ìyàwòrán wà lókè rẹ̀, ó ní fèrèsé kan tó kọjú sí àgbàlá. Bàbá Rúlà ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ ìdúró mọ́, ó fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú àwòrán yíyà ní tirẹ̀. Rúlà inú orúkọ rẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í kúrò nínú àpò àyà rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ó ń gbé e sùn. Kò tíì bá wọn jiyàn rí.

Àtẹ̀gùn tó ń yà yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn, nínú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kékeré kan. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eegun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Eegun ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ò gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àtẹ̀gùn ilé náà sì dúró ṣánṣán bí àkàsọ̀. Nítorí náà, yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́bàá ilé ìdáná ló ń sùn, láàárín páálí àti gárawa, níbi tí fèrèsé ò sí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè, àga rẹ̀ wà lókè, fèrèsé tó fi ń wo òpópónà láti ọjọ́ tó ti di opó wà lókè.

"Kékeré," ó ti sọ fún Bàbá Rúlà, "ikú ò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kó má bá mi láàárín gárawa."

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Rúlà kó ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan, ó ní kí ó máa gun wọ́n, títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Ó yọ rúlà, ó wọn ibi tí ẹsẹ̀ gbà dé. Ínṣì márùn-ún àti ààbọ̀. Ìyẹn ni gíga tí ìpele kọ̀ọ̀kan máa ní, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ilé náà gba ìpele méjìdínlógún kí ó tó kan òkè.

Àtẹ̀gùn tó bá rọra bẹ́ẹ̀ máa gùn, pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó máa gbé e náà sì gbọ́dọ̀ gùn. Méjì péré tó gùn tó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti wà lẹ́yìn ilé lórí òkúta kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ayùn dì mú. Igi líle ni, ó tọ́ bí ọ̀pá, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bẹ̀ ẹ́ kó tà á. Ó ní iṣẹ́ kan wà tí òun fi wọ́n pamọ́ dè. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ tó jẹ́, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣubú.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti wọ abẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn bí ooru bá mú, àfi kí èèyàn gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ríran. Ọmọ rẹ̀ ra tuntun. Ó ṣe dáadáa, Bàbá Rúlà ò sọ pé kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ti àtijọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀: ètò ìyàwòrán kan tí ó ń pè ní Àgbà. Nínú tuntun, èrò ló kún ibẹ̀ bí ilé tí wọ́n fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì ń béèrè nǹkan.

Lọ́sàn-án, ó fi ọ̀rọ̀ ìwọ̀n sílẹ̀, ó ṣí ètò ìyàwòrán tuntun. Àlejò ni ó ń pe èyí. Ó bá a jà díẹ̀, nítorí pé Àlejò kó gbogbo irinṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn àwòrán kéékèèké tí kò jọ ohunkóhun. Òòlù ni wọ́n yà fún ibi tí èèyàn á ti yí àwọ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ọ̀nà, iṣẹ́ rìn. Ìlà gún. Ìpele tò. Nígbà tí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé, àtẹ̀gùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ìpele méjìdínlógún, ínṣì márùn-ún àti ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ dé òkè.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́.

Bí Bàbá Rúlà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn láti ìgbà pípẹ́. Ó gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri lágbára, kó tì í. Bí ó bá ya nǹkan tán, á kọ́kọ́ tì í wò: á gbé ìpele kan ga, á rẹ òmíràn sílẹ̀, á fa ẹsẹ̀ tábìlì gùn títí á fi dà bí ti ẹyẹ lékèélékèé, kó lè rí ibi tí iṣẹ́ ti máa tẹ̀. Bí ó bá ti rí i, á pa ètò náà dé. Àgbà á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé rẹ̀: ṣé kí n fi ohun tí o yí padà pamọ́? Bàbá Rúlà á tẹ "Rárá." Gbogbo ìwà ìbàjẹ́ náà á pòórá, àwòrán tó dáa á kù níbi tó wà. "Rárá" yẹn ni ó fi ń pa iṣẹ́ rẹ́. Kò lo rọ́bà rí lórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó fẹ́ mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, tó súnmọ́ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí ìpele bá dín kan, báwo ni ilẹ̀kùn ṣe máa ráyè tó? Ó yọ ìpele kan kúrò lókè pátápátá, ó fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn ráyè dáadáa. Òkè àtẹ̀gùn ò kan àjà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló ti rò ó. Ìpele gbọ́dọ̀ pé méjìdínlógún, kí ilẹ̀kùn náà fara mọ́ ọn.

Ó pa Àlejò dé, ó sì na ìka sílẹ̀ de ìbéèrè.

Kò sí ìbéèrè. Àlejò lọ jẹ́ẹ́. Kò béèrè ohunkóhun, kò tọrọ ìràwọ̀, kò ní ṣé ó dá a lójú.

Bàbá Rúlà jókòó díẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì nà. Inú rẹ̀ dùn. Látàárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ lábẹ́ gílóòbù. Bàbá Rúlà jókòó sórí páálí kan tó le.

"Kí ni àwọn ayálégbé ẹ tún ṣe lónìí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. Bí ó ṣe ń pe àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà nìyẹn, láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti ń mú ẹjọ́ wọn wá.

"Akọ̀wé ń ti ọ̀rọ̀ mi kiri."

"Oníṣirò ńkọ́?"

"Ó fún ààbọ̀ ínṣì ní ọjọ́ ìbí."

"Oṣù wo?"

"Oṣù kejì."

"Oṣù ooru ni. Ọlọ́dẹ ńkọ́?"

Ọlọ́dẹ ni ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí kòkòrò má wọ̀ ọ́. Ojú Bàbá Rúlà le. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jí mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ti yẹ gbogbo ilé wò, kò sí olè. Àǹtí, ọlọ́dẹ wo ló máa ń kan ilẹ̀kùn onílé láti sọ fún un pé kò sí olè?"

"Èyí tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò sùn."

"Kó lọ sùn."

"Àti èyí tó ń bá ọ kàwé?"

"Mo fẹ́ ka ìwé bí wọ́n ṣe ń to ayùn tuntun. Ó ní ìwé náà gùn, ṣé kí òun kà á, kí òun sọ kókó ẹ̀ fún mi. Mo ní kó kà á."

"Kí ló ní ó wà níbẹ̀?"

"Ó ní kí n ṣọ́ra."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Bàbá Rúlà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró kó rẹ́rìn-ín tán.

"Ọ̀kan nínú wọn ní ìwà ṣá," ó sọ. "Àlejò. Mo ya àtẹ̀gùn yín lórí ẹ̀, mo pa á dé, kò béèrè nǹkan kan. Ó kan lọ ni."

"Ẹni tí kì í béèrè," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, "ó ti mọ̀ tán ni, tàbí kò bìkítà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹyọ kan, Àǹtí."

"Gbádùn ẹ̀. Ìgbà wo ni màá kúrò níbí?"

"Àtẹ̀gùn ti wà nínú àwòrán. Mo fẹ́ fi rúlà lé e lórí ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan pákó."

"Gárawa yìí ń dún bí ilẹ̀ bá ṣú," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó kàn ń dún."

Bàbá Rúlà gbé gárawa náà jáde nígbà tó ń lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù tán tí òórùn fi pàdé rẹ̀. Òórùn igi líle ni, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò sí igi mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Káfíńtà àgbàlagbà kan ń fọ́n ìyẹ̀fun kúrò lójú ayùn ńlá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun ni, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Rúlà. Jẹ́-n-gé ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé bí o bá fi pákó hàn án, ọ̀rọ̀ tó máa sọ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," Jẹ́-n-gé sọ. "Mo ti bá yín gé e."

"Gé kí ni?"

"Àtẹ̀gùn Màmá. Mo ní kí n tètè ṣe é. Ọ̀gá, ọmọ yín, ló ní ibi tí Màmá ń sùn ò dáa."

"Ta ló fún ọ ní àwòrán?"

"Kò sẹ́ni tó ń fún mi mọ́, Bàbá. Ó ń wá fúnra ẹ̀ ni." Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà kejì tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ayùn. "Bẹ́ ẹ bá ti yà á lókè, mo ti rí i nísàlẹ̀."

Tẹ́lẹ̀, ìwé ló máa ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Rúlà á tẹ àwòrán sórí ìwé, á fi rúlà lé e, á fọwọ́ sí i, á gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ìyẹn ti dópin, pé ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ á jọ máa rí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó sọ ọ́, Ọlọ́dẹ ń kanlẹ̀kùn lọ́wọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló wọ etí.

Bàbá Rúlà súnmọ́ pákó. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n gé wọn ní ìpele ní ìpele bí eyín ayùn. Ó fi rúlà lé ìpele àkọ́kọ́. Ínṣì márùn-ún àti ààbọ̀. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Gígé náà mọ́, kò sí ibi tó fàya. Ó fi ọwọ́ kà á lọ sókè. Mẹ́tàdínlógún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó kà á wálẹ̀. Igi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mẹ́tàdínlógún náà ni.

Orí pákó méjèèjì tí wọ́n gé kúrò wà nílẹ̀ lẹ́bàá bàtà Jẹ́-n-gé.

"Ṣé kò dáa ni, Bàbá?"

"Ó dáa. O gé e dáadáa."

"Kí ló wá dé?"

"Kò débẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ wọlé nígbà náà, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì lọ tààrà sídìí kọ̀ǹpútà. Àwòrán wà níbẹ̀, ìpele mẹ́tàdínlógún, òkè rẹ̀ ń wo àjà láti ọ̀ọ́kán.

"Ẹ̀yin lẹ yà á bẹ́ẹ̀," ó sọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Bàbá Rúlà.

"Mo ń tì í wò ni. Mi ò fi pamọ́."

"Kì í dúró dè yín. Bẹ́ ẹ ṣe ń yà á ló ń fi í pamọ́."

"Láìbéèrè?"

"Láìbéèrè. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Kí iṣẹ́ èèyàn má bàa sọnù."

Bàbá Rúlà wo pákó. "Àwọn tó kù, bí mo bá ní kí n dìde lórí àga, wọ́n á ní ṣé ó dá mi lójú. Èyí tó yẹ kó bi mí léèrè, ó dákẹ́."

Ọmọ rẹ̀ ń tẹ nǹkan. "Ẹ dúró. Ó máa ń tọ́jú ti àtẹ̀yìnwá náà. Ẹ wò ó, òun nìyí. Ti àná, kẹ́ ẹ tó yọ ọ̀kan. Méjìdínlógún. Ó pé."

Jẹ́-n-gé na ọrùn wò ó. Òótọ́ ni, ó pé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò ó.

"Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́," Bàbá Rúlà sọ. "Níbí, agbè ló fọ́. Omi wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ mì."

"Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti dúró," Jẹ́-n-gé sọ.

"Ìwọ?" ọmọ Bàbá Rúlà wò ó. "Dúró?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Jẹ́-n-gé ṣa àwọn orí pákó nílẹ̀, ó gbé wọn pọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti já. "Ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ká kan irin mọ́ ọn. Kò ní hàn."

"Obìnrin tí ìbàdí ẹ̀ ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan ló máa gùn ún," Bàbá Rúlà sọ. "Mi ò ní fi ẹ̀gbọ́n mi sórí pákó tí wọ́n rán."

"Ká wá pákó mìíràn, Bàbá."

"Níbo?"

Bàbá Rúlà ki rúlà bọ àpò, ó jáde.

Kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dùn, nítorí náà ó sọ ọ́ ní ṣókí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí, ó ní wọ́n ti gé pákó, ó ní ó kúrú, ó ní àṣìṣe òun ni. Lẹ́yìn náà, ó ní àṣìṣe Àlejò náà ni. Ó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká aṣọ tó ń ṣẹ́ etí rẹ̀, ó tún un tẹ́, ó tún un ká.

"Mo ti ní kí wọ́n nu ojú fèrèsé lókè," ó sọ. "Lánàá."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Báwo ló ṣe kúrú tó?"

"Ìpele kan. Lókè."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ yín á gbà wọ́n. Mo wọ̀n wọ́n. Jẹ́-n-gé ò fi irun kan ṣìnà."

"Ìpele kan péré."

"Ìpele kan tí kò sí, ihò ni, Àǹtí. Bẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì ibi tó lè dé. Ẹ ò ní lè gòkè, ẹ ò sì ní lè yí padà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó wo páálí tí Bàbá Rúlà jókòó lé, ó wò ó pẹ́.

"Nígbà tó o wà ní kékeré, tí ọwọ́ ẹ ò tó agolo ṣúgà, kí lo máa ń ṣe?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bi ọ́ ni."

"Mo máa ń gun àpótí."

"Tí mo bá lù ọ́, tí mo gbé agolo sókè sí i?"

"Mo máa ń wá àpótí tó ga jù ú lọ."

"Àtẹ̀gùn ẹ kúrú," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Wá àpótí fún un."

Bàbá Rúlà la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ "Kò" tán. Ó pa ẹnu dé. Àtìgbà tí ó ti ń ya àtẹ̀gùn, orí ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ wọn. Kò rò ó rí pé wọ́n lè gbé ilẹ̀ wá pàdé àtẹ̀gùn. Ó dìde. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn máa gúnlẹ̀ sí, orúnkún rẹ̀ dún. Ó yọ rúlà. Ó wọn ínṣì márùn-ún àti ààbọ̀ sára ògiri, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà. Bí wọ́n bá gbé gbogbo àtẹ̀gùn lé ìtẹ̀lẹ̀ kan tó ga dé ìlà yẹn, tí ìtẹ̀lẹ̀ náà sì yọ síwájú kí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ di ìpele àkọ́kọ́. Òkè á kan àjà. Ilẹ̀kùn á súnmọ́ ọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Ó máa ṣe é?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Ó gbọ́dọ̀ wúwo. Kó má lè yẹ̀."

"Ṣé ó máa ṣe é?"

"Ó máa ṣe é."

"Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ tutù."

Ó padà sí yàrá ìyàwòrán kó lè ya ìtẹ̀lẹ̀ náà. Ó tan kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní òun ń tún ara òun ṣe lọ́wọ́, kó má pa òun. Ó jókòó dè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní ó kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun ti ṣetán, ó kí i káàbọ̀, ó sì fi ètò tuntun kan hàn án tí òun rò pé á fẹ́ràn. Ọlọ́dẹ yọjú, ó ní kò sí olè. Bàbá Rúlà ò tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," kò tẹ "Rárá." Ó já ìwé kan, ó fi pẹ́ńsù yà á, ó fọwọ́ sí i, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Jẹ́-n-gé gba ìwé náà, ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó.

"Ṣé kí n gé e?"

"Gé e."

Orí pákó méjèèjì tó ti já ni Jẹ́-n-gé fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ìtẹ̀lẹ̀ náà, nítorí pé wọ́n nípọn wọ́n sì wúwo. Fún òkè rẹ̀, igi mìíràn ló wà nílé, igi pupa. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé òpópónà ẹ̀yìn, wọ́n wó àtẹ̀gùn àtijọ́, wọ́n de tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ òkè. Bàbá Rúlà fi rúlà lé ìpele òkè àti ilẹ̀ yàrá. Ó dọ́gba. Ó tún fi lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gòkè fúnra rẹ̀. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń fa lẹ́yìn, ó ń simi láàárín ọ̀nà. Bàbá Rúlà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìpele méjì sísàlẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó dé òkè, ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ń mí.

"Wọn ò nù ún dáadáa," ó sọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ Bàbá Rúlà ti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kúrò lábẹ́ tábìlì, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

"Bàbá, ẹ ò bá tún àwòrán àtẹ̀gùn Màmá ṣe nínú tuntun," ó sọ. "Kó lè bá ohun tó wà nílé mu. Ẹ kàn máa dá ìpele kan padà ni."

"Bí ó bá béèrè," Bàbá Rúlà sọ, ó sì gbá kọ̀ǹpútà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ríran.

Àlejò ò béèrè. Ìpele àkọ́kọ́ nínú ilé òpópónà ẹ̀yìn jẹ́ pupa, mẹ́tàdínlógún tó kù jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, àtẹ̀gùn náà ṣì jẹ́ ìpele mẹ́tàdínlógún, kò sì kan òkè.